Kẹ̀kẹ́ Ìyá Aránṣọ Tí Kì Í Kúrò Lójú Kan

Ọjọ́ tí kẹ̀kẹ́ náà dé, inú páálí ló wà, wọ́n ti tú u sí wẹ́wẹ́ bí ẹran tí alápatà kun. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló rà á. Ìyá Aránṣọ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí agbára káká la fi lè rí ẹni tí kò tíì wọ aṣọ tó ti abẹ́ abẹ́rẹ́ rẹ̀ jáde. Kẹ̀kẹ́ yìí kì í lọ síbì kankan. Ẹni tó bá gùn ún yóò máa wà á nínú ilé títí òógùn yóò fi bò ó, tó bá sì sọ̀ kalẹ̀, ibi tó ti gùn ún náà ló wà.

Àkọ́bí rẹ̀, tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, wo páálí náà, ó mi orí. Ó ní, “Màmá, nínú gbogbo kẹ̀kẹ́ tó wà láyé, èyí tí kò rìn lẹ lọ rà.”

“Ẹ̀rọ ìránṣọ tí mo fi ẹsẹ̀ tẹ̀ títí o fi jáde ìwé, ṣé ó rìn ni? Wo ibi tó gbé ẹ dé.”

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ ju kẹ̀kẹ́ lọ. Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi ti ṣubú ní balùwẹ̀, tí orúnkún ọ̀tún rẹ̀ bàjẹ́, kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sì ni yàrá rẹ̀ wà, ibẹ̀ náà ni ẹ̀rọ rẹ̀ wà, lẹ́bàá fèrèsé tó kọjú sí títì. Òun àti ọkọ rẹ̀ olóògbé ló kọ́ ilé náà. Ẹ̀gbọ́n mi ló fi orí ru omi tí wọ́n fi po sìmẹ́ǹtì àtẹ̀gùn yẹn. Àwọn ọmọ ti gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wá sí yàrá kékeré ẹ̀yìn pálọ̀, níbi tí àpótí àti àga tó ti kán ń gbé tẹ́lẹ̀. Àkọ́bí sì ti bá olùkọ́ obìnrin kan sọ̀rọ̀ pé kó wá yá òkè kí ilé ẹ̀kọ́ tó wọlé lẹ́yìn ìsinmi. “Màmá ò lè gòkè mọ́,” ló ń sọ káàkiri, bí ẹni pé òkè ti kú, ogún rẹ̀ la fẹ́ pín.

Obìnrin tó ń tọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ló sọ fún un pé bí iṣan itan bá lágbára, orúnkún á sinmi lé e lórí, ẹ̀gbọ́n mi á sì lè gòkè. Irú kẹ̀kẹ́ yẹn ni wọ́n ń gùn níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wá pe ọmọ rẹ̀ jókòó.

“Bí mo bá fi ẹsẹ̀ ara mi gòkè kí olùkọ́ yẹn tó kó dé, yàrá mi ni. Bí n kò bá lè gòkè, kó máa kẹ́rù bọ̀, n kò ní sọ̀rọ̀.”

Ọmọ náà gbà. Ó rí i bí ìlérí tó rọrùn.

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi la jọ tò ó. Mo kọ́kọ́ gbàdúrà, nítorí mo rí i bí bóòtù ṣe pọ̀ tó. Ó ṣe àmín, ó sì ní kí n na sípánà sí òun. A ti ọpá ìjókòó bọ ihò, a de ọwọ́ kẹ̀kẹ́, a tẹ́ rọ́bà sílẹ̀ kí ó má baà họ ilẹ̀. Pẹ́dà ọ̀tún wọlé wọ́ọ́rọ́. Ti òsì kọ̀. Mo ní kí n fi agbára yí i, ẹ̀gbọ́n mi gbá mi lọ́wọ́. Ó yí i sí òdìkejì ibi tí gbogbo bóòtù ń yí sí, ó sì wọlé.

Ó ní, “Èmi àti èyí máa gbọ́ra wa yé. Òun náà kì í yí síbi tí wọ́n bá ní kó yí sí.”

Ohun tó kù ni epo. Kò sí ẹ̀rọ tó wọlé ẹ̀gbọ́n mi tí kì í gba epo kó tó ṣiṣẹ́. Nínú ẹ̀rọ ìránṣọ, àwọn ibì kan wà tí wọ́n fi aṣọ kíki bí irun àgùntàn sí. Aṣọ náà á mu epo yó, á wá máa fún irin mu díẹ̀díẹ̀. Ó rí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ náà, tó fara ti àgbá irin ńlá tó ń yí níwájú. Ó gbé agolo epo rẹ̀ ẹlẹ́nu ṣóńṣó. “Ọ̀nà ọ̀fun rẹ ti gbẹ. Gbà.” Ó fún un mu dáadáa.

Kẹ̀kẹ́ náà wá ń lọ bí omi. Láràárọ̀, lẹ́yìn àdúrà, á gùn ún. Tó bá sọ̀ kalẹ̀, á nu òógùn kúrò lára irin kí ó má baà dípẹtà, á wá fọwọ́ kan bóòtù kọ̀ọ̀kan bóyá ó ti ń tú. Kókó kan wà tí wọ́n ń yí kí kẹ̀kẹ́ lè wúwo sí i. Ó yí i, ó tún yí i, títí kò fi ṣeé yí mọ́, síbẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ geere. Ó ní agbára òun ti padà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ní gbangba, nínú ìpàdé àdúrà àwọn ìyá, pẹ̀lú ohùn òkè.

Ọpẹ́ mi ti yá jù.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àkọ́bí wá kí wa. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, ó di irin àtẹ̀gùn mú, ó gun àkọ́kọ́, ó gun ìkejì. Ní ìkẹta, orúnkún náà yẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi sì jókòó síbẹ̀ gbì. Ọmọ rẹ̀ sáré gbá a mú.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́. Kí lẹ fẹ́ fi hàn, ta lẹ sì fẹ́ fi hàn?”

“Fi mí sílẹ̀. Mo ń sinmi ni. Ilé mi ni, ibi tó wù mí ni mo lè jókòó sí.”

Nígbà tí ọmọ lọ tán, mo rò pé yóò sunkún. Ìdí kẹ̀kẹ́ ló lọ. Ó fi ọwọ́ kan àgbá irin náà, ó gbé ìka sí imú. Ó ní kí n wá gbóòórùn.

Mo ní, “Epo ẹ̀rọ yín ni.”

“Aṣọ yìí kì í ṣe ọ̀nà ọ̀fun, àbúrò mi. Búréèkì ni. Òun ló yẹ kó di irin yìí mú kí n máa bá a jà. Epo ni mo fún un mu láti ọjọ́ yìí. Afẹ́fẹ́ ni mo ń wà.”

Ẹ̀rín pa mí, mo fi ìborí mi bo ẹnu. Ó rí mi.

“Rín in tán, kí o lọ bá mi bu omi ọṣẹ wá.”

A fọ àgbá irin náà, a nù ún, a tún un nù títí ó fi ń dún lábẹ́ ìka. Aṣọ kíki náà kò ṣeé fọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ̀gbọ́n mi tú àpò àkísà rẹ̀, ó fa kóòtù kan tó nípọn jáde, èyí tí oníbàárà gbé wá tí kò sì padà wá gbà. Ó wọn aṣọ àtijọ́ náà lé e, ó gé e, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ irin pẹlẹbẹ tó ń gbé e. Kò kan epo kankan.

Nígbà tó tún gùn ún, kẹ̀kẹ́ kọ̀, kò fẹ́ lọ. Itan rẹ̀ ń gbọ̀n bí ewé. Ó tú kókó náà sílẹ̀ títí ó fi kù díẹ̀ tó ń dì mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Kò fọ́nnu mọ́, èmi náà kò sì dúpẹ́ ní ìpàdé mọ́; mo kàn ń bẹ̀bẹ̀ nínú ọkàn mi. Bó bá ti mọ́ ọn lára díẹ̀, á yí kókó sí i. Nígbà mìíràn mo máa ń gbọ́ ọ láti pálọ̀, tó ń bá kẹ̀kẹ́ sọ̀rọ̀: “Kò lè ṣẹlẹ̀. Yàrá àpótí kọ́ ni wọ́n máa tọ́jú mi sí.”

Ìsinmi ń parí lọ. Lọ́jọ́ kan, àkọ́bí mú olùkọ́ náà wá wo òkè. Wọ́n kí wa, wọ́n gòkè. Ẹ̀gbọ́n mi bọ́ bàtà rẹ̀, ó di irin àtẹ̀gùn mú. Mo dìde láti tẹ̀ lé e, ó ní kí n jókòó, kí n gbàdúrà níbi tí mo wà, Ọlọ́run kì í ṣe adití. Mo jókòó. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ kan, ìsinmi, ẹsẹ̀ mìíràn. Ní ibi tí orúnkún ti yẹ̀ níjọ́sí, ó pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ń lọ. Nígbà tí mo gbọ́ tí àga ẹ̀rọ ìránṣọ ké lókè, n kò lè jókòó mọ́. Mo gòkè lọ bá wọn.

Ó ti ká aṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ń mí gùlegùle, ojú rẹ̀ ń dán. Àkọ́bí dúró sí àárín yàrá.

Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Olùkọ́, ẹ káàbọ̀. Ẹ má bínú, wọ́n ṣì yín lọ́nà ni. Yàrá tó ṣófo wà nísàlẹ̀, lẹ́yìn pálọ̀. Kò tóbi, ṣùgbọ́n kò ní àtẹ̀gùn.”

Olùkọ́ wo àkọ́bí, àkọ́bí wo ilẹ̀. Ó ní, “Màmá, bẹ́ẹ̀dì yín ṣì wà níbẹ̀.”

“Ọwọ́ rẹ ló gbé e sọ̀ kalẹ̀. Kò tíì gbàgbé ọ̀nà òkè.”

Ó gbé bẹ́ẹ̀dì gòkè ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ó padà wá gbé kẹ̀kẹ́, ó ń mí bí àgbò. Ẹ̀gbọ́n mi dúró lórí àtẹ̀gùn, ó ń darí rẹ̀.

“Rọra. Má fọwọ́ kan aṣọ kíki yẹn. Ọwọ́ rẹ lè lépo.”