Eré Tí Ẹnikẹ́ni Kò Tíì Gbọ́ Rí

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ẹ̀rúnmu, ẹ̀yin ọmọ mi, eré kan ṣoṣo ni àwa èwe ìjọ máa ń ṣe níbi ìkórè lọ́dọọdún. Gbogbo ìjọ ti mọ̀ ọ́n sórí débi pé àwọn ìyá àgbà a máa sọ ọ̀rọ̀ tó kàn kí a tó lanu.

Lọ́dún tí mo pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, tíṣà tó ń darí wa ní ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n ní kí ẹni tó bá lè ro eré tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ rí mú un wá. Mo nawọ́. Àwọn ọmọkùnrin bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló jẹ́ kí n di àmùrè mi gírí.

Èyí tí mo kọ́kọ́ kọ, ìyá bàbá mi gbọ́ ọ dé ìdajì, wọ́n ní, "Ìjàpá nìyẹn. O kàn dé fìlà fún un ni." Èkejì, tíṣà ní àwọn ti wò ó lójú agbo àwọn eléré tó wá sí ìlú lọ́dún tó kọjá. Ojú tì mí. Orí ara mi ni mo rò pé ó ti wá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, ìtàn tuntun ṣòro ju ebè kíkọ lọ. Ẹni tó ń kọ ebè á kúkú rí i pé òun ti kọ mẹ́wàá.

Lọ́jọ́ kan tí èmi àti ìyá mi ń bó ẹ̀gẹ́, àbúrò wọn obìnrin jáde sójúde tiwọn lódìkejì ọ̀nà. Ìyá mi kẹ̀yìn sí wọn. Ó ti di ọdún mẹ́ta tí wọn kò kíra, nítorí ọlọ tí ìyá wọn fi sílẹ̀ kú, tí àbúrò gbé lọ láìsọ fún ẹ̀gbọ́n. Ojoojúmọ́ ni mò ń wo èyí, mi ò mọ̀ pé eré ni! Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé e jáde bẹ́ẹ̀, òfófó ni, ìyá mi á sì tẹ́ níwájú ìjọ. Mo bá sọ wọ́n di ọkùnrin méjì, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, mo sọ ọlọ di kànga tí wọ́n jọ gbẹ́.

Ìparí rẹ̀ ló fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ta ni yóò kọ́kọ́ kí ẹnì kejì? Mo bi ìyá mi bí ẹni pé kò kàn wọ́n. Wọ́n ní, "Àbúrò ló ń kí ẹ̀gbọ́n." Mo lọ bi àbúrò wọn. Àwọn náà ní, "Ẹ̀gbọ́n ló yẹ kó gbọ́n jù. Òun ni kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀." Mo wá kọ ọ́ pé áńgẹ́lì sọ̀ kalẹ̀ wá là wọ́n níjà. Tíṣà dá ìwé náà padà fún mi. "Áńgẹ́lì ti ṣiṣẹ́ tó. Jẹ́ kí èèyàn parí ìjà rẹ̀ fúnra rẹ̀."

Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo fa ìparí yẹn ya. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin, mo lọ jókòó nítòsí kànga ìjọ, mo ní mi ò ní dìde àfi bó bá jáde. Ibẹ̀ ni okùn obìnrin kan ti já, tí korobá rẹ̀ bọ́ sínú omi. Ẹni tó dúró tì í kò sọ nǹkan kan, ó kàn na ìkọ́ irin tirẹ̀ sí i. Mo fò sókè.

Lọ́jọ́ ìkórè, nínú eré wa, korobá àbúrò bọ́ sínú kànga, ẹ̀gbọ́n mú ìkọ́ wá láìlanu, àbúrò ní, "Ẹ ṣé." Ó parí. Kò sí ìyá àgbà kankan tó mọ ọ̀rọ̀ tó kàn.

Mi ò tíì bọ́ aṣọ eré tán nígbà tí àbúrò ìyá mi já wọ ilé wa. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé èmi lo fi ṣeré lójú ayé?"

Ìyá mi ló dá wọn lóhùn: "Èmi náà ló fi ṣe é. Jókòó."

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ láàárín ọdún mẹ́ta nìyẹn. Wọ́n jókòó. Àwọn méjèèjì wá jọ bú mi dé ìrọ̀lẹ́, inú mi sì ń dùn.

Ayé ti yí. Ọmọ ọmọ mi obìnrin tó ń gbé Mọ́níyà wá kí mi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ilé ìwé rẹ̀ ní kó kọ eré. Ó tẹ fóònù pé kó bá òun kọ ọ́, kí n tó bu omi mu, ó ní, "Màmá, ó ti jáde." Mo kà á. Kò ní àléébù, kò sì ní ẹnikẹ́ni tí mo mọ̀ nínú. Mi ò bá fóònù jà, ìgbà ló dé. Ṣùgbọ́n mo fi bíírò lé e lọ́wọ́, mo ní kó lọ jókòó níbi tí àwọn ọlọ́kadà ti ń pe èrò, kó tẹ́tí sí ohun tí àwọn èèyàn ń sọ àti ohun tí wọ́n ń gbé mì. Ó pòṣé, ó wọ bàtà.

Nígbà tó padà dé, ìwé rẹ̀ kún fún ọ̀rọ̀ tó ti kọ tó sì ti fà pa. Mo ní, "O ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."