Bẹ́ẹ̀dì Kejì

Òórùn àgùntàn tí òjò pa ló lé mi jáde níbi ìpàtẹ ẹran ọ̀sìn ní Rosenberg, nítòsí Houston.

Ó gbé mi padà sí ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí Mọ́mì mú mi lọ láti Houston nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Wọ́n ń ta àgùntàn lójú ọjà, òkúta ilẹ̀ ń yọ̀. Mo rò pé àgùntàn la wá wò.

Mọ́mì kan ilẹ̀kùn ilé kan. Ìyá òyìnbó kan ṣí i, ọmọbìnrin dúdú kan tó jù mí lọ wà lẹ́yìn rẹ̀, irun rẹ̀ ta kókó. Mọ́mì fà á sáàárín orúnkún wọn, wọ́n yọ òòyà.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi."

Ọmọ náà ò gbọ́ Yorùbá. Ó figbe ta: "Mọ́mì!"

"Mo wà níbí," Mọ́mì dá a lóhùn.

Ṣùgbọ́n ìyá òyìnbó ni ọmọ náà nawọ́ sí.

Ẹ̀gbọ́n mi ni, tí Mọ́mì àti Dádì gbé fún obìnrin yẹn tọ́ nígbà tí wọ́n ń kàwé ní London, kí wọ́n tó kó lọ sí Houston.

Èmi àti Mọ́mì nìkan la padà wọ bọ́ọ̀sì. Mo bi Mọ́mì pé ta ló máa sùn lórí bẹ́ẹ̀dì kejì tí Dádì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sí yàrá mi. Irun tó há sí eyín òòyà ni wọ́n ń yọ, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sínú áńkáṣíìfù.