Bí Má-fọwọ́-kàn-án Ṣe Tilẹ̀kùn Mọ́ Ara Rẹ̀ Síta

Ẹ dákun, ẹ fi ohun tí ẹ ń ṣe sílẹ̀ díẹ̀, ẹ gbọ́ èyí. Bí mi ò bá sọ ọ́ fún ẹnìkan lónìí, ikùn mi á bẹ́.

Àbúrò ìyá mi ọkùnrin kan ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ rédíò kékeré kan. Kì í sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́ o. Òun ló ń tọ́jú àwọn ohùn tí wọ́n ti gbà sílẹ̀: orin, ìkéde, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, gbogbo rẹ̀ pátá. Yàrá rẹ̀ wà lẹ́yìn àtẹ̀gùn, kò ní fèrèsé, ẹ̀rọ amúlétutù ibẹ̀ sì máa ń kùn bí oyin. Má-fọwọ́-kàn-án ni gbogbo èèyàn ń pè é, torí kí o tó yọjú sẹ́nu ọ̀nà, ó ti pariwo, "Má fọwọ́ kàn án!" Kò tíì mọ ohun tí o fẹ́ mú o.

Ẹni tó ń fún un ní ẹ̀fọ́rí jù ni Àǹtí Ọ̀sán, obìnrin tó ń darí ètò ọ̀sán. Bí àyè bá ti ń há lórí kọ̀ǹpútà, ohun tó bá kọ́kọ́ rí ló máa pa rẹ́. Ni Má-fọwọ́-kàn-án bá lọ sójú dúdú tí wọ́n ti ń tẹ àṣẹ fún ẹ̀rọ, ó tẹ chmod 444 fún fáìlì kọ̀ọ̀kan. Ìtumọ̀ 444 ni pé kí gbogbo ayé máa kà á, kí ẹnikẹ́ni má kọ nǹkan kan sí i. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Kò pẹ́, fáìlì tún pòórá!

"Àǹtí, báwo lẹ ṣe pa á rẹ́? Mo ti tì í pa!"

"Ẹ̀rọ bi mí bóyá mo fẹ́ pa á lóòótọ́, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Bọ̀dá, ṣé kí n parọ́ fún un ni?"

Inú bí i gan-an. Ó ní bí fáìlì ò bá gbọ́ràn, fódà á gbọ́. Inú fódà kan tó ń jẹ́ ohun, ìyẹn ohùn láìfi àmì sí i, ni gbogbo rẹ̀ wà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó fi ìka nà án:

chmod -R 444 ohun

R yẹn ń sọ fún ẹ̀rọ pé kó wọnú fódà lọ, kó kan gbogbo ohun tó bá bá níbẹ̀. Ojú dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í ráhùn, ìlà lórí ìlà, pé a ò gbà yín láyè, a ò gbà yín láyè. Má-fọwọ́-kàn-án fẹ̀yìn ti àga, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó rò pé Àǹtí Ọ̀sán ni ẹ̀rọ ti ń lé sílẹ̀ de ọjọ́ iwájú! Òun gan-an ló ń lé.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago méjìlá lù, Àǹtí Ọ̀sán wọlé.

"Bọ̀dá, ohùn màmá ìyàwó yín dà? Òun ló kàn."

Ẹ rí i, ìyá ìyàwó rẹ̀ jẹ́ agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ tí wọ́n gbà lẹ́nu màmá náà ni wọ́n fẹ́ gbé sáfẹ́fẹ́ lọ́sàn-án yẹn. Má-fọwọ́-kàn-án ṣí fódà. Orúkọ àwọn fáìlì hàn kedere, àmọ́ àmì ìbéèrè ló tò síwájú wọn. Ó ní kó mú ti màmá jáde. Ẹ̀rọ kọ̀. Òógùn bò ó nínú òtútù yẹn. Fóònù dún.

"Àna mi àtàtà! A ti tan rédíò o! Pálọ̀ mi ti kún. Àwọn tí mo gbẹ̀bí wọn ti dé, wọ́n tún gbé ọmọ wọn dání!"

"Ẹ... ẹ kú ìkàlẹ̀, mà."

"Ohùn yín ń gbọ̀n. Ṣé kò sí nǹkan o?"

"Ẹ̀rọ amúlétutù ni, mà."

Àǹtí Ọ̀sán di ilẹ̀kùn mú, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ ti tilẹ̀kùn mọ́ ara yín síta! Ẹ tètè wá ibi tí ẹ máa sùn lálẹ́ o, torí ìyàwó yín ò ní ṣílẹ̀kùn."

"Àǹtí, ẹ lọ forin sí i ná!"

Ó tẹ ls -ld ohun, kó lè rí ohun tí fódà náà gbà láyè. Ohun tó rí ni dr--r--r--. Ó wo fódà mìíràn tó ń ṣiṣẹ́: drwxr-xr-x. X ti fò lọ! Ibí yìí gan-an ló dùn mọ́ mi jù. Lára fódà, r kàn ń jẹ́ kí o rí orúkọ àwọn tó wà nínú ilé ni, bí ẹni dúró lójú fèrèsé. X ló ń jẹ́ kí o wọlé lọ bá wọn jókòó. W ńkọ́? Òun ni agbára láti kó nǹkan wọlé àti láti kó o jáde. Àṣé w ti fódà ni Àǹtí Ọ̀sán fi ń pa fáìlì rẹ́ látọjọ́ yìí! Kò sóhun tí títi fáìlì lè ṣe sí i.

"Háà!" Má-fọwọ́-kàn-án fò sókè. Nítorí pé òun ló ni fódà, ẹ̀rọ ò lè ní kó má yí i padà. Ó tẹ chmod 755 ohun: kóun máa kà, kóun máa kọ, kóun máa wọlé, kí àwọn yòókù máa kà, kí wọ́n máa wọlé, kó parí síbẹ̀.

Àmì ìbéèrè pòórá. Orin ń parí lọ nígbà tí ohùn màmá bọ́ sí i: "Ọmọ tí mo kọ́kọ́ gbẹ̀bí rẹ̀, igbe rẹ̀ ṣì ń dún létí mi..." Ariwo ayọ̀ tó tinú fóònù jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ di í létí.

Lọ́jọ́ yẹn náà ló ṣí fódà kan lọ́tọ̀ fún wọn láti máa kó ohùn tuntun sí. Ṣùgbọ́n Àǹtí Ọ̀sán ò gbà pé fódà àtijọ́ ti tì, ó ní dandan kóun gbìyànjú láti pa fáìlì kan rẹ́ níbẹ̀.

"Bọ̀dá! Ó bi mí, mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó tún kọ̀!"

"Ẹ bá mi kí i!"

Ẹ má gbà mí gbọ́ lásán. Ẹ ṣí fódà òfìfo kan, kì í ṣe fódà iṣẹ́ yín o! Ẹ tẹ chmod 444 fún un, kí ẹ wá fi cd gbìyànjú láti wọlé. Ẹ lọ wo bí ẹ ó ṣe dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ara yín.