Ihò Abẹ́rẹ́ Nínú Táńkì Kẹtàdínlógún

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, bàbá mi jókòó nínú táńkì kẹtàdínlógún fún ìṣẹ́jú mọ́kànlélógójì. Mẹ́wàá ló yẹ kó lò.

Ọgọ́ta táńkì ló wà ní pápá ìwádìí tó ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn ìtànṣán kan ń já bọ́ láti ibi tó jìnnà ju oòrùn lọ. Tí wọ́n bá gba inú omi kọjá, iná búlúù á ṣẹ́ fìrí, ẹ̀rọ á sì kà á. Nítorí náà, inú táńkì gbọ́dọ̀ ṣókùnkùn biribiri. Kí wọ́n tó da omi sí i, bàbá mi á wọlé, ọ̀gá rẹ̀ á fi nọ́ọ̀tì méjìlá de ìdérí láti òde. Tó bá rí ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, á kan ògiri lẹ́ẹ̀kan. Tó bá fẹ́ jáde, ẹ̀ẹ̀mejì. Ológbò ni wọ́n ń pè é, ihò sì ni eku rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, ọ̀gá yọjú sínú táńkì: “Ológbò, ṣé o ti rí eku?”

“Ẹ dé e ná, ọ̀gá. Eku kì í dúró de aláriwo.”

Ọ̀gá dé e. Fóònù rẹ̀ dún, ó sì ń dáhùn rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì.

Bàbá mi kan ògiri lẹ́ẹ̀mejì. Ó tún kàn án. Oòrùn ń yan ike táńkì náà. Ó pariwo títí ohùn rẹ̀ fi há. Afẹ́fẹ́ inú táńkì tó o. Mo ti ṣírò rẹ̀. Ẹ̀rù kò mọ ìṣirò. Ìgbà náà ló rí ihò kan létí ìdérí, kò ju ojú abẹ́rẹ́ lọ. Ó gbé imú lé e.

Nígbà tí ọ̀gá padà wá tú ìdérí, ó ní, “Ah, o ti rin gbingbin! Ìmọ́lẹ̀ ńkọ́?”

“Kò sí o, ọ̀gá.”

Irọ́ ni. Nígbà tó délé, mo bi í pé kí ló dé tó fi purọ́. Ó ní, “Ọmọ mi, ṣé kí n bá wọn dí imú mi ni?”

Wọ́n da omi sí i. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ojúmọ́ mọ́ ìtànṣán. Wọ́n rí ihò náà, wọ́n sì kọ̀wé sí bàbá mi: táńkì mẹ́tàlélógún ló ṣì ṣófo, òun ni yóò wọ gbogbo wọn láti ọjọ́ Ajé, tàbí kó máa lọ ilé. Wọn ò kọ nǹkan kan nípa ọ̀gá.

Bàbá mi kì í ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀ mọ́. Màmá mi ló ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà tó bá ń wẹ̀. Lánàá bàbá mi bi mí bóyá èèyàn lè kọ́ bí a ṣe ń mí díẹ̀díẹ̀.

Ìwọ tó ń kà á, ọjọ́ mẹ́rin ló kù kí ọjọ́ Ajé pé. Kọ̀wé sí wọn lónìí: kí ìdérí máa ṣí láti inú. Má kọ̀wé sí wa pé o bá wa kẹ́dùn.