Orúkọ Tí Bàbá Ṣàkí Pè

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, àwọn kan ń sun fóòmù àlòkù lẹ́yìn ilé-iṣẹ́ kan lọ́nà Ọgbà. Kíá ni mo ti fèrèsé pa. Ọmọ ọmọ mi ní, "Màmá, ooru á pa wá o!" Mo ní kó fara dà á. Òórùn yẹn máa ń dá mi padà sí àdúgbò wa ní Agége, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá, n kò sì fẹ́ padà síbẹ̀.

Ọkọ̀ panápaná kì í lè wọ àdúgbò náà, torí ọ̀nà há, ọ̀gbàrá sì ti jẹ apá kan rẹ̀ lọ. Àwọn ará ibẹ̀ ló di panápaná fúnra wọn: wẹ́dà, tíṣà, oníbúrẹ́dì, láìgba kọ́bọ̀. Bàbá Ṣàkí ni olórí wọn, àgbàlagbà tó ti fẹ̀yìn tì nílé-iṣẹ́ irin n'Íkẹjà, tó sì ṣì ń dé akoto tí wọ́n fún un níbẹ̀. Ó kun ogún garawa ní pupa, ó tò wọ́n sẹ́bàá kànga, ó kéde pé ti iná ni, kì í ṣe ti aṣọ. Síbẹ̀, kò sí ọ̀sẹ̀ tí a kì í bá ẹ̀wà tí ẹnì kan rẹ sínú ọ̀kan nínú wọn.

Òfin rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Bí iná bá sọ, gbogbo ará ilé náà yóò sáré lọ síwájú mọ́sáláṣí, Bàbá yóò sì pe orúkọ wọn látinú ìwé. Bí ẹnì kan kò bá dáhùn, wọn yóò wọlé lọ wá a. Bí gbogbo wọn bá dáhùn, wọn yóò fi ilé náà sílẹ̀ fún iná, wọn yóò máa da omi sára ilé tó kàn án. Bàbá a ní, "Ilé ṣeé tún kọ́, ẹ̀mí ò láàrọ̀."

Lóṣooṣù la máa ń fi èyí kọ́ra, ó sì máa ń sú àwa ọmọdé. Yàrá èmi àti Múíbà ọ̀rẹ́ mi kángun síra. Bó bá sá lọ wo bí wọ́n ṣe ń yọ búrẹ́dì, èmi ni mo máa ń bá a dáhùn. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń sín ohùn rẹ̀ jẹ débi pé ìyá rẹ̀ pàápàá ti dá mi lóhùn rí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà ọyẹ́, iná sọ ní ṣọ́ọ̀bù oníṣẹ́ àga tó wà lẹ́yìn ilé wa, fóòmù sì gbiná. Èéfín dúdú bo gbogbo ilé. A sáré pé jọ, Bàbá sì ń pe orúkọ.

"Múíbà!"

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Láàárọ̀, ó ti sọ fún mi pé òun ń lọ sílé búrẹ́dì. Ìyá rẹ̀ wà lọ́jà, ó sì ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ jáde. Mo rò pé pàṣán ló ń dúró dè é. Mo fara pamọ́ sẹ́yìn àwọn àgbà, mo sín ohùn rẹ̀ jẹ: "Mo wà ńbí, sà!"

Bàbá pe orúkọ tó kù. Ó ké pé, "Wọ́n pé! Ẹ mú garawa!"

Àwọn ọkùnrin mẹ́ta tó ti fi aṣọ tútù bo imú, tí wọ́n ti múra àtiwọlé, yà síbi ògiri ilé kejì. Ilé kejì ò jó rárá.

Múíbà ti délé búrẹ́dì, ó sì ti padà. Oníbúrẹ́dì ló sọ ọ́ lẹ́yìn náà pé orí ń fọ́ ọmọ náà, òun sì ní kó lọ sùn. Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni wọ́n ti rí i. Nípa igbe ìyá rẹ̀ nígbà tó tọjà dé, ẹ má bi mí.

Àwọn kan ní àwọn gbọ́ ohùn Múíbà, pé ẹ̀mí rẹ̀ ló dáhùn. Àwọn tó pọ̀ jù ní Bàbá ti darúgbó, pé ojú rẹ̀ ló fo orúkọ. Kò bá wọn jiyàn. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́jọ, ó pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọmọ mi, ta ló dáhùn?"

"Mi ò mọ̀, sà."

Ó wò mí títí. Ó ní, "Ó dáa. Máa lọ." Kò pẹ́ tó fi gbé ìwé orúkọ fún tíṣà, ó padà sí Ṣàkí, ibẹ̀ ló kú sí. Títí tó fi lọ, Ìyá Múíbà kò kí i mọ́.

Ọ̀dà ti wà lójú títì àdúgbò wa àtijọ́ báyìí, ọkọ̀ panápaná ń wọlé. Níbi tí mo ń gbé lónìí, n kò mọ orúkọ ẹni tó múlé tì mí. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò àtijọ́, wọ́n ṣì ń pe orúkọ. Ẹni tí wọ́n bá pè gbọ́dọ̀ bọ́ síwájú kí wọ́n fojú rí i. Wọ́n ní àwọn ṣe bẹ́ẹ̀ nítorí àṣìṣe Bàbá Ṣàkí, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọ wọn.

Ìyá Múíbà ṣì wà láyé, ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Bí mo bá lọ kí i, á gbàdúrà fún mi, á ní èmi nìkan ni ọmọ rẹ̀ tó kù. N kò tíì lè sọ ọ́ fún un rí: Màmá, Bàbá ò ṣàṣìṣe. Èmi ni mo dáhùn.