Ọdún tí Pikọ́ọ̀pù Wa Kọ́ Bí Wọ́n Ṣe Ń Gbéra

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni mí lọ́dún tí wọ́n da ọ̀dà sí ọ̀nà tuntun tó gba ẹ̀yìn ilé wa kọjá ní Ìgándò. Tí oòrùn ọ̀sán bá ti mú, òórùn ọ̀dà náà á wọlé tọ̀ wá, á dà pọ̀ mọ́ òórùn àlùbọ́sà tí mo ń dín, àwọn ọmọ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sín. Wọn ò tíì ṣí ọ̀nà náà fún ọkọ̀ kankan. Wọ́n to àgbá dí i lókè àti nísàlẹ̀, ó wá nà sílẹ̀ gbọọrọ, ó dúdú, ó tẹ́jú, bíi pátákó ìkọ̀wé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù. Ẹ̀yin tí ẹ gbé Alímòṣọ́ nígbà yẹn kò ní gbàgbé bí títì tó tẹ́jú ṣe ṣọ̀wọ́n tó. Láti Ìkọ̀tún dé Ẹgbẹ́dá, bí kì í bá ṣe kòtò, ẹrọ̀fọ̀ ni.

Ọkọ mi ń fi pikọ́ọ̀pù kó yanrìn fún àwọn tó ń kọ́lé. Gbogbo oko ló ń di ilé nígbà náà, iṣẹ́ sì wà. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn, ó kó yanrìn tútù gun òkè kan ní Ìkọ̀tún, ẹ́ńjìnnì kú mọ́ ọn lọ́wọ́, ọkọ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í yí sẹ́yìn. Ó tẹ bíréèkì, kò mú. Ìgbà tí ọkọ̀ kọlu ògiri kan ló tó dúró. Ẹnikẹ́ni kò fara pa, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ìyá kan tó pọn ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá ni. Ọkọ mi rí i nínú dígí, kò sì kúrò lójú rẹ̀ mọ́.

Láti ọjọ́ náà ni ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ti ń gbọ̀n tó bá ti gbé e lé kílọ́ọ̀ṣì, èyí tí wọ́n ń tẹ̀ kí wọ́n tó ki jíà. Bí ọkọ̀ bá ti ń lọ, kò sí wàhálà, ó lè wà á dé Ìbàdàn. Àtigbéra ni ìṣòro. Ọkọ̀ á ta, á tún ta, á kú, àwọn tó wà lẹ́yìn á sì máa tẹ fèrè mọ́ ọn lórí. Nígbà tó yá, ó gbé ọkọ̀ kalẹ̀ sí iwájú ilé. Ó ní òun ti rí ẹni tí yóò rà á, pé ẹni náà ń bọ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde, àti pé òun yóò padà sí ìlú wa lọ dáko. Èmi ní tèmi, ilé ìwé kan ní Ẹgbẹ́dá ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì, n kò sì lè fi iṣẹ́ sílẹ̀. Bí ọkọ̀ náà bá lọ, òun náà á lọ, ilé wa á sì pín sí méjì. N kò bá a jiyàn. Mo kàn ń wo pikọ́ọ̀pù náà láràárọ̀ bí ẹni tó ń wo aláìsàn.

Àwọn awakọ̀ oníyanrìn wá ní eré kan tí wọ́n máa ń ṣe ní ọjọ́ Ajé Àjíǹde. Pikọ́ọ̀pù méjì á dúró sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí ìlà, wọ́n á sì sáré dé ìlà kejì. Eré náà kúrú débi pé ẹni tó wà ní ìbẹ̀rẹ̀ lè dá ojú ẹni tó wà ní òpin mọ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n gbéra ti fẹ́rẹ̀ẹ́ borí tán. Àṣà wọn ni pé ará ilé awakọ̀ ló gbọ́dọ̀ jókòó tì í níwájú, ìbáà ṣe ìyàwó, ìbáà ṣe ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n, kí ó má baà gbàgbé pé òun ní ilé tí òun máa padà sí. Lọ́dún yẹn, wọ́n bẹ àwọn tó ń ṣe títì, àwọn yẹn sì yọ̀ǹda ọ̀nà tuntun wa fún wọn.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sí ọdún, ọ̀rẹ́ ọkọ mi kan wá kí wa, awakọ̀ oníyanrìn láti Ìkọ̀tún. Tí ọkùnrin náà bá rẹ́rìn-ín lójúde, ẹni tó wà ní ẹ̀yìnkùlé á gbọ́. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹ́ńjìnnì tuntun sínú ọkọ̀ tirẹ̀ ni.

"Bàbá Ìbejì!" Ó ń lu iwájú pikọ́ọ̀pù wa bí ẹni ń lu ẹ̀yìn ọmọ. "Ṣé wíwò lẹ máa wá wò wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, àbí ẹ máa gbé ọmọ yín yìí wá?"

"Mo ti tà á."

"Ẹ ti gbowó ni? Mọ́tò tẹ́ ò tíì gbowó ẹ̀, tiyín ni jàre. Àbí ẹ́ńjìnnì mi ló ń dẹ́rù bà yín?"

Ọkọ mi wo pikọ́ọ̀pù náà. "Màá wá," ó ní. "Kí n kúkú fi dágbére fún un."

Ní òwúrọ̀ Sátidé tó tẹ̀lé e, a gbé pikọ́ọ̀pù náà lọ sórí ọ̀dà láti dán an wò, àwa méjèèjì àti mẹkáníìkì tó ti ń tún un ṣe fún wa láti ìgbà pípẹ́, ọmọ onílẹ̀ àdúgbò wa. Ọkọ mi ki í sí jíà, ó tẹ iná. Táyà ẹ̀yìn ké bí ajá tí wọ́n tẹ̀ nírù, èéfín rú, ìdí ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè sódò gbì-gbì-gbì, kò sì kúrò lójú kan. Lẹ́yìn náà ló kú. Ọkọ mi gbé orí lé ọwọ́ ìdarí.

"Èmi ni," ó ní. "Kì í ṣe mọ́tò. Èmi ni mo bàjẹ́."

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo mọ́tò náà," mo dá a lóhùn. "Tá a bá yẹ̀ ẹ́ wò tán tí ò sí nǹkan kan níbẹ̀, a máa wá wò yín."

Ẹ jẹ́ kí n tún ohun kan ṣe níbí, nítorí mo ṣì ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn èèyàn. Wọ́n ní táyà tó bá le ni ó ń sáré. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún ọkọ̀ tó ti wà lójú ìrìn. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ ṣe máa kúrò lójú kan, ṣe ni táyà máa di ilẹ̀ mú, tí á sì ti ilẹ̀ sẹ́yìn. Táyà tó le koránkorán kì í di nǹkan kan mú. Àwọn oníyanrìn Alímòṣọ́ sì ní àṣìṣe kan tí gbogbo wọn jọ ń ṣe: wọn a fẹ́ atẹ́gùn sí táyà títí yóò fi máa dún bí agbè tí èèyàn bá kàn án, wọn a sì fi irin kún sípíríńgì, ìyẹn àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra wọn lábẹ́ ẹ̀yìn ọkọ̀, kí ó lè gba ẹrù púpọ̀. Ìdí nìyẹn tí ìdí pikọ́ọ̀pù wọn fi máa ń ga sókè bí ìdí pẹ́pẹ́yẹ. Tí yanrìn bá wà lẹ́yìn, ó dára. Tí kò bá sí nǹkan níbẹ̀, ṣe ni ìdí ọkọ̀ á máa jó.

Èmi ni mo kọ́kọ́ dá àbá. Mo ní kí a kó àpò yanrìn díẹ̀ sẹ́yìn kí ó lè tẹ táyà mọ́lẹ̀. A kó o. Táyà kò yí lásán mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ náà ń lọ bí aboyún tó ń ti ọjà bọ̀.

"Àǹtí tíṣà," mẹkáníìkì ní, "ṣé eré lẹ fẹ́ lọ sá ni àbí ẹ fẹ́ lọ kọ́lé síbẹ̀?"

Ọkọ mi bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín náà gbẹ̀yìn, mo sì dúró sórí ọ̀dà gbígbóná yẹn pẹ̀lú yanrìn ní gbogbo aṣọ mi, inú mi ń dùn sí àbá tí kò ṣiṣẹ́. Ó bọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀. "Nígbà tí mo ra ọkọ̀ yìí," ó ní, "kì í fò báyìí. Irin méjì tá a fi kún un ló ń tì í sókè. Ẹ jẹ́ ká yọ ọ́."

"Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ kó yanrìn ńkọ́?" Mẹkáníìkì béèrè.

Ọkọ mi na ọwọ́ gba sípánà lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n yọ irin méjèèjì. Wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì tó dára, ìyẹn irin tí kì í jẹ́ kí ọkọ̀ máa fò, sẹ́yìn, ṣùgbọ́n ti iwájú tó ti dẹ̀, ọkọ mi ní kí wọ́n fi sílẹ̀, kí orí ọkọ̀ lè gbé sókè díẹ̀ tó bá fẹ́ lọ, kí gbogbo ìwúwo sì bọ́ sórí táyà ẹ̀yìn. A wá lọ wá táyà. Èyí tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ jẹ́ ti ẹrọ̀fọ̀, eyín rẹ̀ jìn, ara rẹ̀ sì le. Nínú òkìtì táyà tòkunbọ̀ kan lọ́nà Ìpájà, ọkọ mi ń fi èékánná tẹ ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí èékánná kò bá wọ̀, ó jù ú sẹ́yìn. Ó wá rí méjì tó fẹ̀, tí eyín wọn kò jìn, tí èékánná fi àmì sí lára bí ìgbà tí a tẹ ọṣẹ. "Èyí á mú ọ̀dà," ó ní.

Atẹ́gùn ló wá kù. Mo fi ẹfun tí mo fi ń kọ̀wé sójú pátákó fa ìlà gbọọrọ kọjá lójú táyà, mo ní kó wà á lọ síwájú díẹ̀. Àárín nìkan ni ẹfun ti pa rẹ́, ìyẹn ni pé atẹ́gùn pọ̀ jù, àárín nìkan ló ń kan ilẹ̀. A dín in kù, mo tún fa ìlà mìíràn. Bẹ́ẹ̀ la ṣe títí ẹfun fi ń pa rẹ́ dọ́gba láti etí dé etí. Inú mi dùn bí ìgbà tí gbogbo kíláàsì bá gba ìṣirò kan.

Ọkọ mi jókòó sínú ọkọ̀, ó rọra ń gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, mo rí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọkọ̀ náà rọra wọlẹ̀, orí rẹ̀ gbé sókè díẹ̀, bí ẹni tó ń gbáradì láti dìde lórí àga.

"Ó jókòó!" Ọkọ mi pariwo. "Ìyá Ìbejì, ó kọ́kọ́ jókòó! Mo mọ̀ ọ́n nídìí mi!" Ó sì jẹ́ kó lọ. Ọkọ̀ náà lọ.

Lọ́jọ́ Ajé Àjíǹde, èrò pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Bí wọ́n ṣe rí ìdí pikọ́ọ̀pù wa tó wálẹ̀, ariwo ẹ̀rín sọ. Ọ̀rẹ́ wa ará Ìkọ̀tún yọ orí síta. Ìyá rẹ̀ àgbà ló jókòó tì í, ó di gèlè, ó gbá àpò rẹ̀ mọ́ àyà.

"Bàbá Ìbejì, mọ́tò yín ti kúnlẹ̀ o! Ṣé àdúrà ló ń gbà?"

"Màmá ló ń kí," ọkọ mi fèsì. "Ṣé tiyín ò mọ bí wọ́n ṣe ń kúnlẹ̀ fágbà ni?"

Ìyá náà rẹ́rìn-ín. "Ó káre, ọmọ mi. Dìde o."

Ẹni tó ń ṣètò gbé aṣọ funfun sókè. Mo wo ẹsẹ̀ òsì ọkọ mi, ó ń gbọ̀n bí ewé. Mo di ilẹ̀kùn mú. Aṣọ wálẹ̀. Ẹ́ńjìnnì tuntun ẹ̀gbẹ́ wa bú ramúramù, táyà rẹ̀ ké, ìdí rẹ̀ ń fò lójú kan. Tiwa kò ké. Ó wọlẹ̀, ó di ilẹ̀ mú, àga sì gbá ẹ̀yìn mi síwájú lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí mo máa la ojú, kò sí ọkọ̀ kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

Àwọn kan tó ń sọ ìtàn yìí máa ń sọ pé àwa la gba ipò kìíní. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ kejì wá rí ilẹ̀ dì mú, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gbé e, ó sì fi imú kọjá wa kí a tó dé ìlà. Ṣùgbọ́n mo wo ojú ọkọ mi, mo sì rí i pé kò mọ̀ pé a ti pàdánù. Ó yí ọkọ̀ padà, ó dúró, ó tún gbéra. Ó dúró, ó tún gbéra. Àwọn èèyàn rò pé ó ń ṣeré ni.

Nígbà tí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, èmi ló bá nílé, nítorí ilé ìwé wà nínú ìsinmi. Ó wo iwájú ilé, ó wo ẹ̀gbẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, pikọ́ọ̀pù yẹn dà?"

"Ó ti lọ síbi iṣẹ́ láti àárọ̀, sà."

Ọkọ mi dá irin kan ṣoṣo padà sábẹ́ ọkọ̀ náà, kò dá méjèèjì padà. Ẹrù tí ó ń kó lẹ́ẹ̀kan tẹ́lẹ̀, ó wá ń kó o lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ń sọ fún àwọn oníbàárà rẹ̀ pé kí wọ́n ní sùúrù. Ẹsẹ̀ náà gbọ̀n fún ìgbà díẹ̀ sí i. Lọ́jọ́ kan, a kàn rí i pé kò gbọ̀n mọ́, kò sì sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tó dáwọ́ dúró.

Mo kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, mo sì rí ọ̀pọ̀ ọmọ tó gbọ́n tí kò lè bẹ̀rẹ̀. Wọn á mú bírò, wọn á tún gbé e kalẹ̀, wọn á ní, "Mà, èmi ni. N kò ní ọpọlọ." Mo ti ń ránnu mọ́ irú wọn tẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n tẹra mọ́ ọn. Lẹ́yìn eré ọjọ́ Ajé yẹn, ohun tí wọ́n gbé lé ọmọ náà lórí ni mo kọ́kọ́ máa ń wò, àti bí àwa àgbà ṣe fẹ́ atẹ́gùn sí i tó bíi táyà, nítorí ìbẹ̀rù àti agbára tí a fi kún un lè pọ̀ débi pé kò ní rí ilẹ̀ dì mú.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fi ṣe ẹ̀kọ́. Bí ẹnìkan nínú ilé yín bá ń gbìyànjú àtigbéra tí kò lè lọ, ẹ má ṣe tẹ fèrè mọ́ ọn lórí. Ẹ bá a dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ ná.