Àga Ṣọ́ọ̀ṣì Inú Ọgbà Mi

Òórùn igi àtijọ́ ló máa ń kọ́kọ́ pàdé èèyàn ní ìsọ̀ baba alálòkù tó wà lójú ọ̀nà Adó, bí o bá ti ń jáde ní Ìfàkì. Òórùn ìrókò ni, èyí tí òjò ti pa tí oòrùn sì ti gbẹ, tí eruku ilé tí wọ́n ti ń lò ó ṣì wà lára rẹ̀. Bí wọ́n bá wó ilé àtijọ́ kan láti Òyè títí dé Ìkọ̀lé, baba yìí ni yóò lọ kó ilẹ̀kùn, fèrèsé, páànù àti àga ibẹ̀. Yóò tò wọ́n sábẹ́ igi máńgòrò, yóò wá jókòó tì wọ́n bí ẹni tó ń ṣọ́ àgbàdo. Bí àwọn obìnrin ẹgbẹ́ mi bá gbowó oṣù, Adó ni wọ́n ń lọ ra aṣọ. Ọ̀dọ̀ baba yìí lèmi ń lọ ní tèmi.

Ìwọ náà ti rí iwájú ilé mi, kí ni mo fẹ́ fi pamọ́ fún ọ? Ẹsẹ̀ maṣíìnì ìránṣọ tó ti bàjẹ́ ni mo gbé pákó lé, tó di tábìlì. Àwọn abọ́ tánńganran tó ti lu, òdòdó ló wà nínú wọn. Ilẹ̀kùn tó ní iṣẹ́ ọnà lára, èyí tí wọ́n yọ nílé kan ní Ayédé, ara ògiri ọgbà ni mo gbé e tì. Kò ṣí síbì kankan, ó kàn dára lójú mi ni. Àwọn aládùúgbò ní ẹrù òkú ni mò ń kó wọlé. Mo ní kí wọ́n máa wí. Ohun tó wu ni ló ń pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni, owó mi ni mo sì ń ná.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, ìkòkò amọ̀ ńlá ni mo wá lọ, èyí tí màá gbin òdòdó sí. Mo ti rí ọ̀kan, mo sì ti ń fẹnu tẹ́ ẹ kí baba lè dín owó rẹ̀, nígbà tí mo tajú kán rí àga gbọọrọ kan lẹ́yìn àwọn páànù. Àga ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ibi tí wọ́n ń gbọ́wọ́ lé lára rẹ̀ ń dán nítorí ọwọ́ èèyàn tó ti pẹ́ lórí rẹ̀, wọ́n sì gbẹ́ orúkọ ìdílé kan gàdàgbà sókè ibi tí wọ́n ń fẹ̀yìn tì. Mo ka orúkọ náà, mo tún un kà.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí o ò dàgbà nílùú wa. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa láyé ìgbà náà, ìdílé tó bá rí jájẹ ló ń ṣe àga fún Ọlọ́run, wọn a sì gbẹ́ orúkọ ara wọn sí i. Mo máa ń rò ó pé bí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ bá wọlé, Ó ní láti tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn. Bí ìdílé náà kò tilẹ̀ wá sí ìsìn, àga wọn a ṣófo, àwọn tó kù a dúró sẹ́yìn. Gbogbo wa mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè ìdí.

Ìyá mi ni ìyàwó kejì bàbá mi. Òmù ni òun àti bàbá mi ti ń dáko. Lọ́jọ́ ìkórè kan, nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ, ó ru iṣu láti ibi tí mọ́tò já wa sí, ó tún pọn àbúrò mi. Ó gbé iṣu náà síwájú pẹpẹ, ó wá fìdí lé etí àga yìí, nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Àyè èèyàn mẹ́rin ló ṣófo níbẹ̀. Ìyàwó baba tó ni àga wọlé, ó wò ó látòkè délẹ̀, ó ní, “Dìde níbẹ̀. Àga tiwa kì í ṣe ti àlè.” Gbogbo ìjọ gbọ́, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ìyá mi dìde, ó lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà títí wọ́n fi ṣe oore-ọ̀fẹ́, èmi náà dúró tì í, mo di ìró rẹ̀ mú. Wọ́n gba iṣu rẹ̀ o, wọn ò dá a padà. Láti ọjọ́ náà, bí ó bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àpótí tirẹ̀ ló ń gbé dání láti ilé, ẹ̀yìn pátápátá ló sì ń jókòó sí. Wọ́n ní ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Èmi ò tíì gbàgbé.

Mo bi baba alálòkù bí àga náà ṣe dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ní ìgbìmọ̀ tó ń tún ṣọ́ọ̀ṣì ṣe ló ra àga onítìmùtìmù, wọ́n sì ní kí òun wá palẹ̀ àwọn ògbólógbòó mọ́. Àwọn tó kù, káfíńtà ti rà wọ́n, ó ti fi wọ́n kan bẹ́ẹ̀dì. Baba wá dá iye tó fẹ́ gbà lé e. Ọkàn mi ń sọ pé kí n sanwó kíá kí n gbé e lọ, àmọ́ mo kọ̀. Ṣé èmi ni màá tún wá fi owó gidi bọlá fún àga yẹn? Mo ní ikán ti jẹ ẹ́. Mo ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yẹ̀. Mo ní ìdáná ni mo fẹ́ fi ṣe, kó tà á fún mi bí wọ́n ṣe ń ta igi ìdáná. Baba rẹ́rìn-ín, ó ní ta ló ń fi ìrókò dáná. Mo kọjú sí títì, mo ń lọ, ó pè mí padà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ, ẹ̀ẹ̀mẹta ló pè mí, títí ó fi di owó igi ìdáná lóòótọ́. Mo tilẹ̀ gbàgbé ìkòkò tí mo torí ẹ̀ wá.

Mo gbé àga náà síwájú ilé, láàárín àwọn òdòdó mi, mo kọjú rẹ̀ sí títì kí ẹni tó ń kọjá lè ka orúkọ náà. Ìyá mi ti ń gbé lọ́dọ̀ mi nígbà náà, ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún. Mo fà á lọ́wọ́ jáde, mo ní, “Yèyé, ẹ wá jókòó.” Ó dá àga náà mọ̀. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu eruku orí rẹ̀, ó fọwọ́ pa á lára, ó wá padà sórí àpótí rẹ̀. Ó ní kí wọ́n má lọ bá òun níbẹ̀. Mo ní àwọn wo, nígbà tí baba náà àti ìyàwó rẹ̀ ti kú tipẹ́. Mo wọ kíṣìnnì lọ, mo sunkún bí ọmọdé. Ẹkún ìbínú ni mo ń sun. Odidi oṣù méjì ló fi ń gbé àpótí sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà lójoojúmọ́, nínú ilé ọmọ tó bí. Kò sí nǹkan mìíràn tí mo ń bẹ Ọlọ́run fún nígbà yẹn ju kó jókòó síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó tó kú.

Nígbà tó ṣe, ó dé etí àwọn tó ni orúkọ. Lọ́sàn-án ọjọ́ Ìsinmi kan, àkọ́bí ìdílé náà wá sílé mi, òun àti wọ́dìnì ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní àwọn gbọ́ pé orúkọ bàbá àwọn wà láàárín abọ́ tó ti lu, pé ìwọ̀sí ni. Ó ní òun á san owó rẹ̀ ní ìlọ́po mẹ́ta. Bí mi ò bá tà á, kí n jẹ́ kí òun mú káfíńtà wá fá orúkọ náà kúrò. Mo bi í léèrè ta ni alága ìgbìmọ̀ tó ní kí wọ́n ta àwọn àga náà. Ó wolẹ̀. Òun ni. Nígbà tí wọ́n ń tà wọ́n, ojú rẹ̀ kò kúrò lára àga onítìmùtìmù tí yóò mú wọlé, kò rántí pé orúkọ bàbá òun wà lára èyí tó ń ta. Wọ́dìnì ní kí n fi sùúrù ṣe é, pé nǹkan Ọlọ́run ni àga náà.

Mo ní, “Lọ́jọ́ tí wọ́n lé ìyá mi dìde lórí rẹ̀, nǹkan ta ni?”

Àkọ́bí náà yíjú sí ìyá mi lórí àpótí, ó dọ̀bálẹ̀ díẹ̀, ó ní kí Màmá bá àwọn bá mi sọ̀rọ̀, pé àgbà ni wọ́n, wọ́n mọ ohun tó tọ́. Mo rò pé ìyá mi yóò bẹ̀ mí. Ó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ bẹ àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀. Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó dìde, ó rọra gba àárín wọn kọjá, ó sì lọ jókòó sí àárín gbùngbùn àga náà. Ó tún ìró rẹ̀ ṣe, ó gbé ọwọ́ kan lé orí ọ̀pá.

Ó ní, “Ulé ọmọ mi ni mo wà. Ẹ máa lọ ulé yín. Mi ò ní dìde.”

Wọ́n lọ. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ibẹ̀ ló ń jẹun àárọ̀, ibẹ̀ ló ń pa ẹ̀gúsí, ibẹ̀ ló ń sùn lọ bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, orúkọ wọn lókè orí rẹ̀. Mo ti ń ra àlòkù tipẹ́ torí ẹwà, mo sì rò pé mo mọ ohun tí mò ń wá kiri. Kò yé mi rárá, títí ìyá mi fi jókòó.

Wọ́n ti wàásù ìdáríjì fún mi léraléra ní ṣọ́ọ̀ṣì, oníwàásù á kọjú sí mi tààrà. Èmi náà máa ń ṣe àmín sókè kí wọ́n gbọ́. Mo ti dárí jì wọ́n. Àga ni mi ò ní dá padà.